Ohùn Àkàndé ní Challenge

Ihò ṣájà fóònù mi ló bàjẹ́ tó gbé mi dé Challenge lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ará Ìlọrin kò ní béèrè ìdí: bí fóònù bá ń ṣàìsàn, ibẹ̀ là ń gbé e lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, kò ní pẹ́." Gbogbo wa la mọ ohun tí "kò ní pẹ́" jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Mo wá àga kan, mo fìdí lé e.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kan gbé laptop sórí àpótí, ó ń ṣe géèmù. Jẹnẹrétọ̀ bíi mẹ́ta ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń polówó ọjà rẹ̀ lójú títì fi gbohùngbohùn há etí, síbẹ̀ ohùn kan ń ti inú laptop yẹn jáde tó la gbogbo ariwo kọjá. Ohùn ọkùnrin ni. Ó wúwo, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ọlọ́jà tó mọ̀ pé oníbàárà kò ní ibòmíràn tó máa lọ. Mo bi ọmọ náà pé ta nìyẹn.

"Doomfist ni, sà. Yorùbá ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni."

Ó tẹ nǹkan kan, ó fi orúkọ ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn hàn mí: Akande Ogundimu. Mo ní, ta wá ló ń bá a sọ̀rọ̀, ta ló ni ohùn? Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé ta ló ń tan iná inú fìríìjì.

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

Wọ́n tún fóònù mi ṣe, mo sanwó, mo gbé ìdáhùn yẹn lọ sílé. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ènìyàn ni, ó ní ìyá, ó ní bàbá, ó sì ti jó, ó ti kọrin, ó ti làágùn lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ohùn rẹ̀ tó dé inú ẹ̀rọ. Sahr Ngaujah ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ iṣẹ́ tó ṣe kó tó di Àkàndé, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa tó bí ẹ ṣe rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ Àkàndé fúnra rẹ̀. Overwatch ni géèmù yẹn ń jẹ́, ilé-iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, oṣù Karùn-ún ọdún 2016 ló sì jáde. Ẹgbẹ́ méjì ló ń kojú ara wọn, oníkálukú á sì mú jagunjagun tó wù ú, tí agbára rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ọdún 2017 fi máa parí, àwọn tó ti fi í ṣeré káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 30. Ọdún yẹn gan-an, ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, ni Doomfist wọlé. Ìtàn tí wọ́n kọ fún un ni pé ọmọ ilé ọlá ni ní Nàìjíríà, ìdílé rẹ̀ ń ṣòwò apá àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, òun sì jẹ́ ọ̀gá nínú ìjà. Ó pàdánù apá ọ̀tún, wọ́n fi irin dí i. Lẹ́yìn náà ó pa ọ̀gá rẹ̀, Akínjídé Adéyẹmí, ó sì gba ìbọ̀wọ́ irin ńlá tí ọkùnrin yẹn ń fi jà. Ìlú kan wà nínú ìtàn náà tó ń jẹ́ Numbani, tí ènìyàn àti rọ́bọ́ọ̀tì jọ ń gbé láìjà. Orúkọ wo nìyẹn? Kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Àkàndé Ògúndímú wà nínú ẹnu wa dáadáa.

Mo dúró díẹ̀ lórí orúkọ yẹn, ẹ má bínú. Oríkì ni Àkàndé, ará Àkànní, Àkànbí àti Àkànmú. Orúkọ tí ìyá máa ń fi pe ọmọ láàárọ̀ kí ara ọmọ lè rọ̀ ni, kì í ṣe èyí tí à ń kọ sórí fọ́ọ̀mù báǹkì. Ògúndímú sì rèé: Ògún tó ni irin, Ògún tó di nǹkan mú. Ọkùnrin tó ń fi ìkúùkù irin wó ògiri ni wọ́n fún lórúkọ yìí. Bóyá ẹni tó kọ ìtàn náà béèrè lọ́wọ́ Yorùbá, bóyá orí ló bá a ṣe é, orúkọ náà bá ọwọ́ rẹ̀ mu bí àkọ̀ ṣe ń bá idà mu. Ohun tó dùn mí ni pé lórí laptop Challenge yẹn, kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ń kà á fún mi sì ń pè é gbọọrọ bí òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ń pe orúkọ Yorùbá bí àlejò, nítorí pé ẹnu àlejò ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo tún un pè fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n màámi ṣe ń jẹ́!"

Kí Doomfist tó jáde, àwọn ọmọ géèmù ní Amẹ́ríkà ti ń pariwo pé Terry Crews ni kí wọ́n fún ní iṣẹ́ ohùn yẹn. Ìràwọ̀ fíìmù ni, igbá àyà rẹ̀ tó ilẹ̀kùn, òun náà sì sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohùn kọ́ ni àyà. Blizzard kọjá lára ìràwọ̀, wọ́n lọ mú ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ géèmù kò mọ̀ rí, tí àwọn tó ń lọ wo eré orí ìtàgé ní New York àti Lọ́ńdọ̀nù sì mọ̀ bí ẹni mowó. Òun ló ti jẹ́ Fẹlá fún wọn.

Amẹ́ríkà ni Ngaujah ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, wọ́n ṣí eré olórin kan ní ilé eré 37 Arts ní New York. Orúkọ eré náà kò ju Fela! lọ, pẹ̀lú àmì ìyanu lẹ́yìn rẹ̀. Bill T. Jones, ọ̀gá nínú ijó, ló darí rẹ̀, ẹgbẹ́ olórin Antibalas ló ń lu Afrobeat fún un. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, wọ́n gbé e wọ Broadway, ní Eugene O'Neill Theatre. Jay-Z wà lára àwọn tó fi owó àti orúkọ tì í lẹ́yìn, Will Smith àti ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Inú Shrine, ilé orin Fẹlá, ni eré náà ti ń ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn sójà ti jó Kàlákúta, ilé rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, tí wọ́n sì ti ju Fúnmiláyọ̀, ìyá rẹ̀, láti ojú fèrèsé.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n dì lé ọkùnrin kan lórí. Fẹlá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ló ń kọrin, òun ló ń jó, òun ló ń di saxophone mú. Òun náà ló ń bá àwọn tó wá wòran sọ̀rọ̀ bí Fẹlá ṣe máa ń bá àwọn tirẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìkẹjà, tó máa ń bú ìjọba kó tó lu ìlù. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí yóò ní kí gbogbo èrò dìde, kí wọ́n fi ìdí kọ nọ́ńbà ojú aago: ìdí sí méjìlá, ìdí sí mẹ́ta, ìdí sí mẹ́fà. Àwọn àgbàlagbà òyìnbó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi á dìde, wọ́n á máa mi ìdí. Iṣẹ́ náà le débi pé ọkùnrin kan kò lè dá a ṣe fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Ngaujah àti Kevin Mambo ló ń pín in láàárín ara wọn, kí ọ̀fun má baà ya.

Wọ́n dárúkọ eré náà fún àmì ẹ̀yẹ Tony ní ọ̀nà 11 ní ọdún 2010, mẹ́ta ló gbà. Ngaujah wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n yàn fún òṣèrékùnrin tó dára jù nínú eré olórin. Douglas Hodge ló gbé e lọ. Kí ọdún tó parí, Ngaujah ti wà ní National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣe Fẹlá yẹn náà níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Olivier, tí í ṣe ẹlẹgbẹ́ Tony lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo èyí dára. Ìdánwò gidi ṣì ń bọ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, wọ́n kó eré náà wá sí Èkó, sí Eko Hotel. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Amẹ́ríkà dúró níwájú àwọn tó mọ Fẹlá lójú, tí wọ́n ti sùn mọ́jú ní Shrine, àwọn tó jẹ́ pé bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ Pidgin kan pè, wọ́n á bá ọ tún un ṣe láti orí ìjókòó. Kò sí bí wọ́n ṣe máa fi àmì ẹ̀yẹ dí irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹnu àti ara rẹ nìkan lo ní.

Níbẹ̀, lójú tèmi, ni Àkàndé ti wá. Ẹni tó bá ti lè fi ohùn di èrò ilé ńlá mú, tó mọ ìgbà tó yẹ kó rẹ ohùn sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè nà síwájú, kò ní pariwo kó tó dẹ́rù bà ọ́. Ẹ gbọ́ Doomfist dáadáa: kì í ké bí àwọn ọ̀tá inú géèmù yòókù. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà ló máa já bọ́ láti òkè bí àrá. Orí ìtàgé lèèyàn ti ń kọ́ irú sùúrù yẹn.

Àwọn tó rò pé iṣẹ́ jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ni kí wọ́n jókòó gbọ́ bó ṣe rí. Nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù lẹ̀ yíká, òṣèré á dúró níwájú makirofóònù nìkan ṣoṣo. Kò sí alátakò, kò sí ìlù, kò sí iná aláwọ̀. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ìtàn tó lọ tààrà, ọ̀rọ̀ já-ń-já ni: èyí tí yóò sọ bó bá pa ènìyàn, èyí tí yóò sọ bó bá pàdé ọ̀rẹ́, èyí tí yóò sọ bí wọ́n bá wò ó sàn. Gbólóhùn kan náà, yóò sọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin, títí olùdarí tó wà lẹ́yìn gíláàsì á fi ní ó tó. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n máa ń fi igbe sí. Kígbe bí ẹni tó ń jábọ́ láti orí òkè. Kígbe bí ẹni tí iná ń jó. Gbin bí ẹni tó gba ẹ̀ṣẹ́ ní ikùn. Kú. Tún kú, ṣùgbọ́n kó pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe wákàtí mẹ́rin irú èyí, omi gbígbóná àti oyin ni yóò fi ṣe oúnjẹ alẹ́.

Èyí wà lára ìdí tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà, SAG-AFTRA, fi daṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí wọ́n tó parí rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí wákàtí igbe wá sílẹ̀ láti mẹ́rin sí méjì. Ẹ̀yin tó ń rò pé kọ̀ǹpútà ló ń sọ̀rọ̀, ẹ rí i pé kọ̀ǹpútà kì í daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀fun.

Ngaujah kò fi ìtàgé sílẹ̀ nítorí géèmù. Ní ọdún 2018, ní Public Theater, New York, ó ṣe Mlima nínú eré Lynn Nottage. Erin ni Mlima. Erin Kẹ́ńyà tí wọ́n pa nítorí eyín rẹ̀, tí òkú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé eyín náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé ilé olówó tó rà á. Níbẹ̀, ara ló fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wo bó ṣe dọ́gba: nínú géèmù, ohùn láìsí ara, lórí ìtàgé, ara tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn bá dákẹ́. Àwọn ọdẹ wa tó ń sun ìjálá erin yóò mọ irú iṣẹ́ tó ṣe. Ní ọdún 2019 ó tún wọ Broadway pẹ̀lú Moulin Rouge!, ó ṣe Toulouse-Lautrec, ayàwòrán ìlú Paris. Oṣù Kẹta ọdún 2020, kòrónà ti gbogbo ilé eré Broadway pa, ó sì ju ọdún kan lọ kí ilẹ̀kùn tó ṣí padà. Ní gbogbo àkókò tí ìtàgé wà ní títì yẹn, àwọn olóhùn ń gba ohùn sílẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nílé wọn. Ọlọ́gbọ́n òṣèré kì í fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró.

Àkàndé nìkan kọ́ ni géèmù yẹn kó ní ilẹ̀ wa. Oṣù mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ti wọlé, tí ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 11 kan, Efi Oladele, tún ṣe nínú ìtàn náà. Orúkọ rẹ̀? Òrìṣà. Ẹ fi pe ọmọ ní Ìlọrin ẹ wò ó, kí ẹ sì múra àlàyé tí ẹ máa ṣe fún àáfà. Cherrelle Skeete ló ṣe ohùn rẹ̀, òun náà òṣèré orí ìtàgé ni, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe eré Harry Potter and the Cursed Child ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2016. Ìtàgé ni wọ́n tún lọ bá.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí wọn ò wá Yorùbá fún iṣẹ́ Yorùbá? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n n kò ní bá wọn bínú sí Ngaujah. Ó ti fi ọdún mẹ́ta jẹ́ Fẹlá, ó ti gbé ahọ́n wa sí ẹnu kó tó gbé orúkọ wa. Ohun tó yẹ ká bínú sí ni pé ọ̀nà tí Ngaujah gbà, a lè gbà á, a kò sì tíì gbà á tó. Nígbà tí Disney ṣe Iwájú ní ọdún 2024, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Kugali, àwọn ohùn ilé ló pọ̀ níbẹ̀. Femi Branch tí gbogbo wa mọ̀ nínú fíìmù Yorùbá ló ṣe Bọ̀dé, ọ̀dájú inú ìtàn náà, Dayo Okeniyi sì ṣe Túndé. Maliyo Games ní Èkó ló ṣe géèmù tó tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ Femi Branch nínú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ohùn tó mọ ibi tí àmì wà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́.

Kí wá ló kan Ìlọrin? Ìlú ohùn ni Ìlọrin. Dàdàkúàdà kì í ṣe orin ìrójú: Odòlayé Àrẹ̀mú, Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékeé Àmàó fi ọ̀fun lásán la àárín ìlù kọjá, wọ́n á ki ẹnì kan láti ìran baba rẹ̀, wọ́n á ṣe àgbàlagbà, wọ́n á ṣe obìnrin tó ń jà lójúde, wọ́n á padà di ara wọn kí ìlù tó yí. Ohun tí olùdarí géèmù ń bèèrè nìyẹn gan-an. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ìtàgé, ọdọọdún ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn kọjá ìlà kẹwàá ìjókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a jáde, wọ́n a máa dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n sí fíìmù, kí wọ́n lè ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀, makirofóònù dídára kan tí wọ́n lè fi ṣe iṣẹ́ ohùn nílé kò wọ́n ju fóònù tí wọ́n ń gbé kiri lọ.

Ariwo ni ọ̀tá. Bí NEPA bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò á dìde. Mo mọ ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe ìpolówó rédíò, tó ń fi mátírẹ́ẹ̀sì méjì gbé ògiri yàrá rẹ̀, tí kì í gba ohùn sílẹ̀ àfi láàárín aago kan òru sí ìrun àsùbáà, kí àwọn ládánì tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní àkókò yẹn nìkan ni Ìlọrin máa ń dákẹ́. Bí ìjọba tàbí yunifásítì bá fẹ́ ṣe nǹkan kan fún wọn, kí wọ́n má kọ́ gbọ̀ngàn. Kí wọ́n fi fóòmù lẹ yàrá kan, kí wọ́n fún un ní iná sólà, kí wọ́n máa fi wákàtí wákàtí yá àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù kù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2024, àwọn òṣèré géèmù Amẹ́ríkà tún daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó bà wọ́n lẹ́rù ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni yẹn títí láé, láìsan kọ́bọ̀. Ó tó oṣù Kẹfà ọdún 2025 kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní oṣù Keje: ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda òṣèré kó tó fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ohùn rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn yẹn ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún wọn. Ọmọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lóru ní Ìlọrin, tí oníbàárà rẹ̀ wà ní ìlú tí kò dé rí, ta ló ń bá a ka ìwé àdéhùn?

Mo padà sí Challenge lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ra ìbòjú fóònù. Mo pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn, mo ní kó wá orúkọ Sahr Ngaujah lórí YouTube. Fẹlá jáde, ó fi ẹ̀yìn sí wa, ó ń jó. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni yìí ni Doomfist?" Mo ní òun ni. Ó ní kí n dúró, ó pe ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ohùn, tí ẹnì kan fi ìwé ránṣẹ́ sí láti òkèèrè pé kí ẹ ka ẹgbẹ̀rún gbólóhùn fún òun, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohùn náà lè di ti ẹ̀rọ. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ bèèrè iye tí wọ́n máa san fún ìyẹn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ má fọwọ́ sí i.